Ìwé Weygers fún Alágbẹ̀dẹ Inú Gáréèjì
Ẹ̀yin ará wa tí ọmọ yín fẹ́ dá àgbẹ̀dẹ sílẹ̀ ní gáréèjì, ẹ ra The Modern Blacksmith (1974) tí Alexander Weygers kọ kí ẹ tó ra òòlù. Sípíríǹgì ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ wà lára ohun tó ní ká fi rọ irinṣẹ́, bí àwọn alágbẹ̀dẹ ilé wa ṣe ń sọ ọ́ di àdá. (Oníṣirò owó ni mí, ìyẹn dùn mọ́ mi.) Ibi tó kù sí ni àwọ̀ irin. Lẹ́yìn tí a bá ti ri ọ̀bẹ gbígbóná bọ òróró, a óò tún yá a níná títí yóò fi ní àwọ̀ koríko gbígbẹ. Bó bá dé àwọ̀ aró, ẹnu rẹ̀ ti rọ̀ jù. Weygers ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ìwé kì í pariwo pé, “Yọ ọ́!” Ọmọṣẹ́ tó ń fín ewìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá ti rí àwọ̀ náà láìmọye ìgbà kó tó gba ọmọ owú.