Ìfẹ́ Tí A Fẹ́ Fi Owó Rà Padà

Nínú The Mayor of Casterbridge, ìwé ìtàn àròsọ tí Thomas Hardy tẹ̀ jáde ní 1886, ọkùnrin kan ta ìyàwó rẹ̀ ní gbàǹjo. Henchard ni orúkọ rẹ̀. Ọtí ń pa á nínú àgọ́ kan lọ́jà. Atukọ̀ kan, Newson, san pọ́ùn márùn-ún àti ṣílè márùn-ún. Susan bọ́ òrùka ìgbéyàwó, ó sọ ọ́ lu ọkọ rẹ̀ lójú, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ lọ.

Ní nǹkan bí ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn náà, obìnrin yìí tún yọjú. Henchard ti di olórí ìgbìmọ̀ ìlú ní Casterbridge, ìlú kékeré láàrin oko tí Hardy fi Dorchester ṣe àwòṣe rẹ̀. Kí ni ó fi ránṣẹ́ sí Susan? Pọ́ùn márùn-ún àti ṣílè márùn-ún gan-an ni. Lẹ́yìn èyí, ó ń ṣe bí ẹni tó ń fẹ́ opó àjèjì, kí ará ìlú má baà mọ̀, títí tí ó fi tún un gbé níyàwó.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé a máa di ẹ̀bi ru orí, pé orí Henchard ni kò gbè é. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwà rẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá gba owó orí tán, ẹbí ìyàwó a sábà dá a padà, kí ayé lè mọ̀ pé a kò ta ọmọ. Henchard dá owó padà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá ọ̀rọ̀ padà. Ẹyin sì lohùn. Obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ àlìkámà nínú àgọ́ ọjọ́sí ló wá tú àṣírí náà ní kóòtù, níbi tí Henchard fúnra rẹ̀ jókòó sí gẹ́gẹ́ bí adájọ́.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú Hardy ni pé ó tètè pa Susan. Inú lẹ́tà tí a kà lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni a ti gbọ́ pé ọmọ Newson ni Elizabeth-Jane, àti pé ọmọ Henchard ti kú tipẹ́. Bí tọkọtaya yìí ṣe jọ tún ilé kọ́ nìyẹn, tí olúkúlùkù sì ń bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ fi wọ́n wé Farfrae. Ó kọ́kọ́ fẹ́ràn Elizabeth-Jane, ó fi í sílẹ̀ gbé Lucetta níyàwó, Lucetta kú, ó sì padà.  Ìfẹ́ wọn kò jó bí iná ọyẹ́, ṣùgbọ́n Elizabeth-Jane mọ ohun tí ó gbà.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, Henchard wá tọrọ àforíjì. Ẹyẹ kan nínú àgò ló gbé wá. Nígbà tí ọmọ náà bá a wí, kò ṣàlàyé kankan. Ẹyẹ náà kú sínú àgò níbi tí ó gbé e sí. Nígbà tí Elizabeth-Jane fi wá a dé ibi tí ó wà, òun náà ti kú.