Ìbà àti Ẹ̀bùn Nínú Eré Alárìnjó

Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ni ó ka ìjúbà sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú lásán, tí ó sì ka owó tí òǹwòran ń ná òṣèré sí àṣehàn. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé okùn kan náà ni ó so méjèèjì pọ̀: ẹ̀bùn ni ìbà, ẹ̀bùn sì ni owó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo eégún apidán. Iṣẹ́ ìwádìí J. A. Adédèjì ti ọdún 1969 fi hàn pé ìjúbà ni ó máa ń ṣáájú ijó àti eré. Ẹni tí yóò di ère tàbí ọ̀nì lójú agbo mọ̀ pé ewu ń bẹ níbẹ̀. Nítorí náà ni ó fi ń kọ́kọ́ bu ọlá fún àwọn baba ńlá, àwọn ìyá àti àwọn àgbà ìlú, kí eré má baà bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òǹwòran tí ó gbọ́ oríkì ìdílé rẹ̀ lẹ́nu òṣèré náà ti di ajigbèsè. Owó ni ó fi ń dá a lóhùn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Eré fúnra rẹ̀ pàápàá lè jẹ́ ẹ̀bùn: ní ọdún 1826, Aláàfin fi irú rẹ̀ ṣe Clapperton àti Lander lálejò ní Ọ̀yọ́ Ilé.

Ẹnìkan lè jiyàn pé tíkẹ́ẹ̀tì ti fi òpin sí àṣà yìí. Nígbà tí Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1945, òǹwòran ń sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Síbẹ̀, Ògúndé kò pa orin àti ijó ìbẹ̀rẹ̀ tì. Tíkẹ́ẹ̀tì ra àyè ìjókòó, kò ra ojú rere.

Ìṣòro mìíràn dé pẹ̀lú òfin báńkì àgbà Nàìjíríà ti ọdún 2007. Abala 21 rẹ̀ sọ náírà níná lójú agbo di ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí owó ìtanràn 50,000 náírà. Ní òde ìnáwó ní Ẹgbẹ́dá, bí ẹnìkan bá di owó sínú àpòòwé kí ó tó fi lé onílù lọ́wọ́, ó pa òfin mọ́. Ṣùgbọ́n ojú agbo kò rí iye ẹ̀bùn náà mọ́, onílù kò sì mọ bí yóò ti na oríkì náà gùn tó. Òfin owó ti fọwọ́ kan ìhun eré.

A kò sọ pé kò sí ìṣefọ́nńté nínú owó níná. Ohun tí a ń sọ ni pé lámèyítọ́ tí ó bá ń kọ eré sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ẹni tí a júbà fún, ẹni tí ó fún òṣèré ní nǹkan, àti ìdáhùn òṣèré. Bí a bá yọ ìwọ̀nyí kúrò, ìdajì eré ni a kọ.