Ilé fún Oòrùn Ọ̀la
Iṣẹ́ ọpọlọ làwọn ẹnjiníà Lọ́ńdọ̀nù kan ń ṣe: ilé tó ṣì wà lórí ìwé, wọ́n ti ń fi oòrùn àwọn ọdún 2050 dán an wò. Fáìlì ojú-ọjọ́ kan ló kó ooru, afẹ́fẹ́ àti ìtànṣán wákàtí 8,760 inú ọdún pọ̀. Kọ̀ǹpútà á ṣírò bí yàrá yóò ṣe gbóná tó. Ìlànà TM59 ti CIBSE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ilé ní Britain, le: lóru, yàrá ìbùsùn kò gbọdọ̀ gbóná kọjá 26°C ju wákàtí 32 lọ lọ́dún. (Ará Ìbàdàn lè rẹ́rìn-ín!) Ṣùgbọ́n òtútù ni wọ́n kọ́ ilé Lọ́ńdọ̀nù fún, ooru sì kọjá 40°C ní oṣù Keje 2022. Ohun tó wú mi lórí jù: bí ilé bá kùnà, fèrèsé àti ìbòòrùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń tún yà, kí wọ́n tó dárúkọ ẹ̀rọ amúlétutù tó ń jẹ iná.