Èkùrọ́ àti Ìrísí Núkílíọ́sì: Àríwísí lórí Èdè-Ìperí Kan

Láti ìgbà tí ètò ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ni àwa olùkọ́ Yorùbá ti mọ̀ pé a lè fi èdè wa kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó kù ni kí á máa yẹ èdè-ìperí wa wò, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Èyí tí a mú lọ́tẹ̀ yìí ni ‘èkùrọ́’, tí àwa fúnra wa ti lò nínú kíláàsì fún núkílíọ́sì, ìyẹn ohun kékeré inú sẹ́ẹ̀lì tí DNA ń gbé.

Orúkọ náà kò ṣàìní ìdí. Nígbà tí Robert Brown sọ ohun náà lórúkọ ní 1831, lẹ́yìn tí ó rí i nínú sẹ́ẹ̀lì ọ́kíìdì, ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí ọmọ inú èso ni ó lò. Àfiwé tí orúkọ náà ń fà wọlé ni ó ní àléébù. Ọmọ tí ó bá ti pa èkùrọ́ rí mọ̀ pé inú èèpo líle ni ó ń gbé, bí èèpo bá sì ti rí ni òun náà ń rí. Nígbà tí a bi àwọn ọmọ kíláàsì wa pé kí ni ó fún núkílíọ́sì ní ìrísí, èèpo ni wọ́n fi dá wa lóhùn. Àwa ni a ṣì wọ́n lọ́nà.

Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni ó yí núkílíọ́sì ká, kò sì le. Purotéènì tí ó so kọ́ra bí àwọ̀n ni ó ń gbé e ró láti inú. Lára ènìyàn àti ẹranko, lamin ni wọ́n ń pè é. Ewéko kò ní lamin rárá. Lára kárọ́ọ̀tì ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ rí èyí tí ó dípò rẹ̀, NMCP1, purotéènì gígùn tí méjì méjì rẹ̀ ń lọ́ mọ́ra bí okùn. Mẹ́rin ni irú rẹ̀ lára ewéko kékeré tí à ń pè ní Arabidopsis. Ní 2007, wọ́n fi hàn pé bí méjì nínú wọn bá sọnù, núkílíọ́sì a kéré, ewéko náà a sì ràrá. LINC ni wọ́n pè wọ́n nígbà náà, ṣùgbọ́n orúkọ yìí ti di ti nǹkan mìíràn, ni wọ́n bá pa á dà sí CRWN ní 2013. Àṣé ìjà orúkọ kò mọ sọ́dọ̀ wa nìkan!

Ibi tí èkùrọ́ ti kùnà pátápátá nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì gbòǹgbò àti ti awọ ewé tí ó ti dàgbà, núkílíọ́sì kì í rí roboto. Ó máa ń gùn. Bí CRWN1 tàbí CRWN4 bá sọnù, kì í fọ́, kì í sì í wó. Roboto ni ó ń dà. Èyí já sí pé roboto ni ó ń wà bí kò bá sí ohun tí ó mú un. Gígùn ni ó gba iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń rí bí KAKU4, alábàáṣe CRWN, bá sọnù. Àwọ̀n inú nìkan kọ́ sì ni. Àwọn purotéènì SUN, WIP àti WIT so kọ́ra la awọ méjèèjì kọjá dé ìta, níbi tí myosin XI-i ti ń rìn lórí okùn actin. Bí ìsokọ́ra yìí bá já, núkílíọ́sì tún di roboto. Àwọ̀n tí apẹja mú lọ́wọ́ ni a bá fi wé e, kì í ṣe èkùrọ́.

A kò ní kí á tìtorí èyí sá padà sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. ‘Kaku’ tí ó wà nínú KAKU4, ọ̀rọ̀ àwọn ará Jàpáànù fún núkílíọ́sì ni, gbogbo onímọ̀ ní àgbáyé sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Àbá tiwa ni ‘kókó sẹ́ẹ̀lì’ fún núkílíọ́sì, àti ‘àwọ̀n abẹ́-awọ’ fún ohun tí ó ń gbé e ró. A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kókó jẹ mọ́ wíwú ara. Ó kéré tán, kò ní èèpo. Nígbà tí a fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kọ́ kíláàsì mìíràn, ọmọbìnrin kan béèrè pé, ‘Ta ni ó wá ń fa àwọ̀n náà, sà?’ Kò sí ẹni tí ó béèrè bẹ́ẹ̀ rí nígbà èkùrọ́.