Ọ̀gá tí kì í yára mú sípánà

Ní Ìgàndó, níbi tí ilé ti gba ojú oko, dánfó àti tírélà ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì. Ẹni tó bá tún mọ katakata àtijọ́ wò láàárín wọn, mo júbà rẹ̀.

Ẹ wo Massey Ferguson 135, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1964. Èyí tó ní kílọ́ọ̀ṣì méjì nínú wọn, pẹ́dà kan ṣoṣo ló ń darí méjèèjì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, katakata á dúró. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń yí ẹ̀rọ ìgékoríko náà á dúró. Kílọ́ọ̀ṣì kejì tó ń yí ọ̀pá yìí ló tún ń yí pọ́ǹpù tó ń gbé apá ẹ̀yìn sókè. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà! Bí katakata bá ń rìn, àmọ́ tí ọ̀pá ò yí, tí apá ò sì gbéra, kílọ́ọ̀ṣì kejì ni ọ̀gá á kọ́kọ́ fura sí. Bí apá bá ń gbéra, tí ẹ̀rọ ìgékoríko ò yí rárá, yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ti fi ọ̀pá sí jíà, kó tó yẹ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ wò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí táyà ò fà, yóò wo àlàfo pẹ́dà ná.

Katakata yìí ò ní ṣásí. Ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ló di ara wọn mú. Kí ọwọ́ tó dé kílọ́ọ̀ṣì, àfi kí wọ́n là á sí méjì láàárín, iṣẹ́ tí àwọn onígbéraga fẹ́ràn láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sanwó àyẹ̀wò fún ọ̀gá bẹ́ẹ̀, kódà bí kò bá tú nǹkan kan.