Ohùn Ará Ìlàjẹ nínú Ètò Rédíò *Drilling and Killing*: Àyẹ̀wò fún Ẹ̀kọ́ Ìdájọ́ Òdodo

Ní ọdún 1998 ni Amy Goodman àti Jeremy Scahill gbé ètò ìwádìí tí wọ́n pè ní *Drilling and Killing* jáde lórí rédíò ní Amẹ́ríkà. Ìṣẹ̀lẹ̀ Parabe, ibùdó ìwapo ilé-iṣẹ́ Chevron lójú òkun Ìlàjẹ, ni ó dá lé lórí. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tí ó lé ní 100 lọ jókòó síbẹ̀, wọ́n ń béèrè iṣẹ́ àti owó gbà-máà-bínú lórí omi tó bàjẹ́. Ní ọjọ́ 28, hẹlikọ́pítà gbé ṣọ́jà dé, wọ́n yìnbọn, ọ̀dọ́ méjì sì kú.

Ibi tí ètò yìí ti tayọ ni ìbéèrè. Agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ náà gan-an ni wọ́n bi pé ta ni ó fọwọ́ sí gbígbé ṣọ́jà lọ. Ó sì dáhùn pé àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ ni. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kọ́ ọ níbẹ̀ pé ìbéèrè tó ṣe ṣàkó níwájú alágbára sàn ju èébú lọ.

Ṣùgbọ́n àkọlé ètò náà ti dájọ́ kí olùgbọ́ tó gbọ́ ẹjọ́. Àwọn àgbà sì ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé kóòtù ní San Francisco, ilé-iṣẹ́ ní ńṣe ni wọ́n há òṣìṣẹ́ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn kò mú ohun ìjà lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 2008, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ dá Chevron láre. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fara mọ́ ọn ní 2010. Olùkọ́ tó bá fi ètò náà nìkan kọ́ni ti fi ìdajì kọ́ni. Bákan náà ni ẹni tó ka ìdájọ́ nìkan, nítorí kò sọ ìdí tí àwọn apẹja fi ń ráhùn pé omi iyọ̀ gba odò àwọn.

Àléébù kejì ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà ìyá ẹlẹ́ja tí ọ̀rọ̀ kàn kò lè gbọ́ ọ yé. Àtúnṣe rẹ̀ kò kọjá agbára ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni: kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ètò náà, kí wọ́n ka ìdájọ́ náà, kí wọ́n wá mú fóònù lọ sí Ayétòrò àti Ugbónlá, kí wọ́n gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè Ìlàjẹ. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé ohùn náà padà fún àwọn tó ni ín láti gbọ́ àti láti tún ṣe. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí epo ti ń kúrò ní Ìlàjẹ ni ohùn yóò ṣe máa kúrò níbẹ̀.