Asọ̀rọ̀mágbèsì: Àyẹ̀wò Ìtàn àti Ìdàgbàsókè Ilé-Iṣẹ́ Rédíò Nàìjíríà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí àwọn òyìnbó amúnisìn gbé àpótí kékeré kan wọ ilé àwọn baba wa, tí àpótí náà ń dá sọ̀rọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè bi í ní ìbéèrè kí ó dáhùn, àwọn baba wa wò ó sọ́tùn-ún, wọ́n wò ó sósì, wọ́n ní asọ̀rọ̀mágbèsì ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá tú orúkọ yìí palẹ̀, a ó rí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- níwájú, sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e, má sì wà níbẹ̀ láti kọ ohun tí ó kẹ́yìn, èyí tíí ṣe gba èsì. Orúkọ yìí kò ṣàpèjúwe ẹ̀rọ nìkan. Ìdájọ́ ni pẹ̀lú. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi orúkọ náà díwọ̀n ìtàn ilé-iṣẹ́ rédíò orílẹ̀-èdè wa, kí a lè mọ̀ bóyá ó ti dàgbà ní tòótọ́, tàbí ó kàn ga ni.

Ìbẹ̀rẹ̀ Pẹ̀pẹ̀

Ní 1932 ni BBC bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù sí àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pín ètò náà kiri ilé ní Èkó; ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ yóò san owó, wọn yóò sì fa wáyà wọ ilé rẹ̀. Ní 1939, ó dé Ìbàdàn. Onílé kò lè yan ohun tí yóò gbọ́. Bí kò bá fẹ́ èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́, kí ó pa á ni ó kù. Ní 1951 ni wọ́n dá NBS sílẹ̀, tí Ọ̀gbẹ́ni Tom Chalmers tí ó ti ọ̀dọ̀ BBC wá sì jẹ́ olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1956 sọ ọ́ di àjọ NBC, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin 1957.

Ọ̀rọ̀ Èsì ní 1953

Bí a bá ń wá ọdún tí orúkọ asọ̀rọ̀mágbèsì fi ara rẹ̀ hàn gbangba, 1953 ni. Ní ọdún náà, àbá wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1956. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, àwọn mínísítà ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sì fi ipò sílẹ̀. Gómìnà John Macpherson bọ́ sórí afẹ́fẹ́, ó dá ẹgbẹ́ náà lẹ́bi. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì lórí rédíò kan náà, wọ́n kọ̀. Àwọn Yorùbá sì máa ń sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìlú gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan, ẹnu ẹnì kejì wà ní dídì.

Kíkọ̀ yìí so èso. Ní 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé WNTV kalẹ̀ ní Ìbàdàn, amóhùnmáwòrán àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, WNBS tíí ṣe rédíò sì tẹ̀ lé e. Ìlà-Oòrùn ṣe tiwọn ní 1960, Àríwá ní 1962. Bí a bá wò ó dáadáa, ẹni tí wọn kò jẹ́ kí ó fèsì ni ó lọ kọ́ ilé ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni àléébù wà. Agbègbè kọ̀ọ̀kan kò kọ́ ilé èsì. Asọ̀rọ̀mágbèsì mìíràn ni ó kọ́. Ọ̀kan ti di mẹ́rin, olùgbọ́ kò sì tíì ní ẹnu nínú èyíkéyìí.

Àwọn ológun mọ àṣírí yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní oṣù kìíní 1966, Kàdúná ni Nzeogwu ti sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ní oṣù kejì 1976, Dimka gba ilé-iṣẹ́ NBC ní Ìkòyí. Ní oṣù kẹrin 1990, Orkar tún gba ibẹ̀. Kí ni ó dé tí ẹni tí ó fẹ́ gba ìjọba fi ń sáré lọ sí ilé rédíò? Ìdí ni pé ibẹ̀ ni ènìyàn kan ti lè bá gbogbo orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ láìsí ẹni tí yóò dá a lóhùn.

Èdè Méjìlá

Ní 1978, ìjọba àpapọ̀ tún ilé náà tò. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ NBC tí ó wà ní ìpínlẹ̀ fún àwọn ìjọba ìpínlẹ̀, FRCN sì rọ́pò NBC. A gbọ́dọ̀ yin ètò èdè tí àjọ náà ṣe. Yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, Kàdúná gba Háúsá, Kanuri, Fúlàní àti Núpé. Enúgu gba Ìgbò, Ìjọ́, Efik àti Tiv. Ìbàdàn gba Yorùbá, Ẹ̀dó, Urhobo àti Ígálà. Ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti ń na ọmọ nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀, kí a gbọ́ èdè méjìlá lẹ́nu ìjọba, iṣẹ́ ńlá ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé ètò yìí wá sí Natako níhìn-ín ní Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Ọmọ Natako tí ó ń sọ Núpé, Kàdúná ni yóò ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ọmọ Ígálà tí ó bá a pín ògiri, Ìbàdàn ni. Ọmọ Ebira tí ó wà ní òdìkejì títì kò sí nínú méjìlá náà rárá. Àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀, Bùnú, Owé, Ìjùmú àti Yàgbà, tí ìkíni wọn, Okun, di orúkọ wọn, wọ́n kà wọ́n mọ́ Yorùbá. Àmọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọ́n ń gbọ́, ẹ̀ka-èdè wọn kò dé ibi ìròyìn.

Àwọn kan yóò sọ pé èdè Nàìjíríà pọ̀ ju ohun tí rédíò kan lè kó tán. Òótọ́ ni. Wọn yóò tún sọ pé àkókò ti yí padà: òfin 1992 ṣílẹ̀kùn fún rédíò aládàáni, Raypower bẹ̀rẹ̀ ní 1994, FRCN fúnra rẹ̀ sì ní Prime FM ní Lọ́kọ́ja. Èyí pẹ̀lú jẹ́ òótọ́. Láti ìgbà tí tẹlifóònù alágbèéká ti dé ní 2001, olùgbọ́ lè pe olóòtú ètò kí ó sì sọ tẹnu rẹ̀. Báyìí ni asọ̀rọ̀mágbèsì ṣe ń gba èsì. Ṣùgbọ́n ètò ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni èsì náà mọ sí. Ìròyìn, tíí ṣe ọkàn rédíò, ṣì ń ti Gẹ̀ẹ́sì bọ̀. Ògbufọ̀ ni ó ń gbé e wọ Yorùbá. Ohun tí Àbújá kò bá kọ, ògbufọ̀ kò ní í rí i túmọ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní 2012 àti ní 2022, omi kún kọjá bèbè ní Lọ́kọ́ja, ó ba ilé jẹ́, ó sì gé ọ̀nà Àbújá. Ìkìlọ̀ tí a bá ṣe fún ìyá àgbà ní èdè tí kò gbọ́, bí ẹni tí kò kìlọ̀ ni. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, apẹja tí ó ń gbé etí odò lè ti mọ̀ pé omi ń gòkè kí akọ̀ròyìn tó mọ̀. Bí rédíò bá ní etí bí ó ti ní ẹnu, apẹja náà ni ì bá kọ́kọ́ kìlọ̀ fún ìlú.

Àgbálọgbábọ̀

Nítorí náà, ìdájọ́ mi ni pé rédíò orílẹ̀-èdè wa ti ga, kò tíì dàgbà tán. Òpó rẹ̀ pọ̀, etí rẹ̀ kéré. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tí ó wà ní ìpínlẹ̀ máa fi èdè àdúgbò kọ ìròyìn àdúgbò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì bí Àbújá bá fẹ́ gbọ́. Kí Lọ́kọ́ja fún Ebira àti ẹ̀ka-èdè Okun ní àyè. Iṣẹ́ kan sì kàn wá nínú ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí: àwa tí a ń kọ́ Yorùbá ni a ó kọ́ àwọn tí yóò kọ ìròyìn náà. Bí a bá jẹ́ kí wọ́n rò pé ògbufọ̀ nìkan ni Yorùbá wà fún, orúkọ tí àwọn baba wa sọ àpótí náà kò ní í yí padà láéláé.